Tẹlifóònù Ọ́fíìsì Ẹgbẹ́: Ta Ni Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Tó Bá Wọlé?

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa tẹlifóònù tó wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó máa ń dún. Ṣùgbọ́n bí ó bá dún tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ kan ká níṣojú wa.

Ẹgbẹ́ tó ra fóònù

A mọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Akanran. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ní ọdún kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kó kòkó gbígbẹ jọ sí sítọ́ọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ṣèlérí pé òun yóò pè wọ́n kí òun tó gbé ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn. Ó pè lóòótọ́. Ó pè láàárọ̀, ó pè lọ́sàn-án, ó tún pè nírọ̀lẹ́. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Akọ̀wé ti lọ síbi ìkómọjáde. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ni ọkọ̀ náà bá gba abúlé mìíràn lọ.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọ́. Òjò ti ń rọ̀, kòkó sì ti ń gba ọ̀rinrin nínú àpò. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí wí pé akọ̀wé ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ará abúlé kejì. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n dá owó àwọn padà, kí oníkálùkù máa ta kòkó tirẹ̀. Àwọn àgbà ránṣẹ́ pè wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jókòó ní kíláàsì alẹ́ wa rí.

A jókòó, a sì wádìí. Kò sí olè níbẹ̀ rárá. Wọ́n ra fóònù ni, wọn ò ṣètò fóònù. Rírà lọ́tọ̀, ìṣètò lọ́tọ̀.

Bí àwọn baba wa ti ń ṣe é

Ṣé àwọn baba wa kò mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí nítòsí ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ń pàrokò. Bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń wí pé, "Èmi àti ìwọ jọra." Ẹni tó gbé àrokò náà lọ lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Ìkínní, ọ̀rọ̀ náà dúró de ẹni tó ni ín. Ìkejì, àṣírí rẹ̀ kò tú lójú ọ̀nà. Ìkẹta, ẹni tó gbà á mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ dáhùn. Nǹkan mẹ́ta yìí náà la ń wá nínú tẹlifóònù ọ́fíìsì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ̀rọ náà kò wúlò ju agogo lásán lọ.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe rí?

Nígbà kan, tẹlifóònù jìnnà sí àwa ará oko. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti múra lọ sí ìlú, bíi ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá tó wà ní Dùgbẹ̀. Ní ọdún 1985, ìjọba dá NITEL sílẹ̀ láti máa bójútó tẹlifóònù ní Nàìjíríà. Wáyà rẹ̀ kò tó nǹkan ní abúlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, NITEL kógbá wọlé. Lónìí, ọ́fíìsì kò ní láti dúró de wáyà kí ó tó ní tẹlifóònù. Ẹ̀rọ wà tí a ń ki síìmù bọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ki síìmù bọ fóònù ọwọ́ wa.

Ẹ fojú inú wo agbo ilé kan. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n yàrá inú rẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tẹlifóònù ọ́fíìsì rí. Àpótí kékeré kan wà lára ògiri. Òun ni ẹnu ọ̀nà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo ayé mọ̀ tí wọ́n ń pè. Láti inú àpótí náà ni wáyà ti lọ sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Tábìlì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà kékeré tirẹ̀. Ó lè jẹ́ báyìí:

101 fún alága.
102 fún akọ̀wé.
103 fún akápò.
104 fún sítọ́ọ̀.

Bí akápò bá fẹ́ bá sítọ́ọ̀ sọ̀rọ̀, yóò tẹ 104. Ọ̀rọ̀ láti yàrá sí yàrá kì í jẹ owó káàdì. Bí ẹni ìta bá pè, akọ̀wé lè gbé e, kí ó sì darí rẹ̀ sí tábìlì tó yẹ.

Bí kò bá sí ẹni tó gbé e, ibẹ̀ ni àpótí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àpótí ohùn ni ibi tí ẹ̀rọ náà ń gba ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Ẹ̀rọ yóò kí ẹni tó pè, yóò dún "píì", ẹni náà yóò sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, iná kékeré kan yóò máa ṣẹ́jú lára fóònù láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ń dúró.

Ta ni yóò di kọ́kọ́rọ́ mú?

Ẹ̀rọ yìí ní alábòójútó. Nọ́ńbà àṣírí kan wà tí alábòójútó ń tẹ̀ kí ó tó lè yí ètò padà. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà náà lè ṣí àpótí ohùn fún tábìlì kan, ó sì lè tì í. Ó lè sọ iye ìgbà tí fóònù yóò dún kí àpótí ohùn tó gba ọ̀rọ̀. Ó lè dí ìpè sí òkè òkun. Ó lè darí ìpè kúrò lórí tábìlì kan sórí òmíràn. Agbára ńlá ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan. Ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Almon Strowger. Iṣẹ́ òkú sísin ló ń ṣe. Láyé ìgbà náà, ènìyàn ló ń jókòó sí ilé tẹlifóònù, tó ń fi ọwọ́ so ẹni tó pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Ìtàn sọ pé Strowger ṣàkíyèsí pé oníbàárà òun ń dín kù. Ìyàwó ọkùnrin mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ló wà nídìí ìpè, ó sì ń darí àwọn olókùú sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Inú bí Strowger. Ó ronú kan ẹ̀rọ tí yóò máa so ìpè láìsí ọwọ́ ènìyàn. Ní ọdún 1891, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tó di ẹnu ọ̀nà ọ̀rọ̀ mú, ó di ọjà mú. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà alábòójútó sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí ènìyàn méjì mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n fi sínú àpòòwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí alága sì fọwọ́ sí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀. Kí àpòòwé náà wà nínú àpótí owó ẹgbẹ́. Bí akọ̀wé bá rìnrìn àjò, iṣẹ́ kò ní dúró. Bí ẹnì kan bá sì ṣí àpòòwé náà, gbogbo ènìyàn yóò mọ̀.

Bí a ṣe ń ṣètò àpótí ohùn

Bọ́tìnì ẹ̀rọ kan yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ mìíràn. Ìwé pẹlẹbẹ tó bá ẹ̀rọ wá ni yóò sọ èyí tí ẹ ó tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó tà á mú ìwé náà lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ti wù kó rí, iṣẹ́ mẹ́fà yìí ni ẹ ó ṣe.

1. Ẹ yí nọ́ńbà àṣírí padà. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń rọrùn, bíi 0000 tàbí 1234. Olè náà mọ̀ ọ́n.

2. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìkíni sínú rẹ̀. Kí ẹni tí ohùn rẹ̀ já gaara sọ ọ́, ní ibi tó pa rọ́rọ́. Ó lè wí báyìí: "Ẹ ǹlẹ́ o. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa nìyí. A kò sí nítòsí báyìí. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn 'píì', ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ orúkọ yín, abúlé yín, nọ́ńbà fóònù yín àti ohun tí ẹ fẹ́. A ó pè yín padà kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ẹ ṣeun."

3. Ẹ yan iye ìgbà tí fóònù yóò dún. Bí ó bá dún ẹ̀ẹ̀mejì péré, ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ kò ní lè sáré dé ibẹ̀. Bí ó bá dún ẹ̀ẹ̀mẹwàá, yóò sú ẹni tó ń pè. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó.

4. Ẹ ya ọ̀sán sọ́tọ̀ sí alẹ́. Lọ́sàn-án, kí fóònù dún kí ó tó lọ sínú àpótí ohùn. Lálẹ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni, kí ó lọ síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

5. Ẹ dán an wò. Kí ẹnì kan jáde síta, kí ó fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ pè, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ẹ pa iná ẹ̀rọ, kí ẹ tún un tàn. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà? Iná ìjọba wa kò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bátìrì sí i.

6. Ẹ yan ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ, àti wákàtí tí yóò máa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tó bá ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí ó pa á rẹ́. Àpótí ohùn máa ń kún bí àpò. Bí ó bá kún, kò ní gba ọ̀rọ̀ mọ́.

"Mi ò lè bá igi sọ̀rọ̀"

Nígbà tí ẹgbẹ́ tí a ń sọ yìí ṣí àpótí ohùn, ìyá àgbà kan pè. Bó ti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, ó pa fóònù. Lọ́jọ́ kejì ó bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì. Àwa náà wà níbẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo pè ọ́ lánàá. O kàn ń dá sọ̀rọ̀, o ò jẹ́ kí n sọ tèmi."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi kọ́ ni mo wà níbẹ̀. Ohùn mi tí mo fi sílẹ̀ ni."

"Ohùn rẹ wà níbẹ̀, ìwọ ò sí níbẹ̀? Mi ò lè bá igi sọ̀rọ̀ o."

"Ìyá, tí ẹ bá dé ilé mi, tí ẹ ò bá mi, ṣé ẹ ò ní fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ mi?"

"Màá fi sílẹ̀."

"Ọmọ náà nìyẹn, Ìyá. Ẹ dúró kó dún 'píì', kí ẹ wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rán ọmọdé níṣẹ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tí kì í gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an? Irú rẹ̀ ò sí nílé mi."

Láti ọjọ́ náà, ìyá kì í pa fóònù mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí a ti ń lò ó. Ẹ̀rọ tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù kò lè gba ọ̀rọ̀ àgbà.

Nọ́ńbà àṣírí kì í ṣe ohun àwàdà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìròyìn kan wà tó ń jẹ́ News of the World. Ọdún 1843 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún un ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú àpótí ohùn àwọn ẹlòmíràn, kí wọ́n lè rí ìròyìn kọ. Báwo ni wọ́n ṣe wọlé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò yí nọ́ńbà àṣírí tí ilé iṣẹ́ fún wọn padà. Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ rán oníròyìn kan àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan lọ sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù keje ọdún 2011, nígbà tí gbogbo ìlú gbọ́ pé wọ́n ti wọ inú àpótí ohùn ọmọdébìnrin kan tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì pa, ìbínú àwọn ènìyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ìròyìn náà fi kógbá sílé. Ó ti lo ọdún 168.

Ewu mìíràn tún wà. Àwọn olè kan ń wá ọ́fíìsì tí nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ rọrùn. Wọ́n á wọ inú ẹ̀rọ náà lóru, wọ́n á gba ibẹ̀ pe òkè òkun. Ọrùn ẹgbẹ́ ni owó náà yóò wọ̀. Nítorí náà, ẹ má lo 1234. Ẹ má lo ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kò bá ní ènìyàn ní òkè òkun, ẹ dí ìpè ibẹ̀ pa.

Bí ó bá jẹ́ fóònù ọwọ́ kan ṣoṣo lẹ ní

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò lágbára àtira ẹ̀rọ ńlá. Kò sí wàhálà. Síìmù kan náà ṣeé ṣètò.

Àjọ NCC ló ń bójútó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2023, wọ́n sọ àwọn nọ́ńbà kúkúrú di ọ̀kan náà fún gbogbo ilé iṣẹ́ fóònù. 300 ni a ń pè láti bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fóònù sọ̀rọ̀. 302 ni a ń pè láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpótí ohùn. Ẹ kọ́kọ́ pe 300, kí ẹ bèèrè bóyá àpótí ohùn yín ti ṣí, àti iye tí ẹ ó san.

Ẹ tún lè darí ìpè sí fóònù ẹlòmíràn nígbà tí ẹ kò bá gbé e. Ẹ tẹ *61*, kí ẹ tẹ nọ́ńbà ẹni náà tẹ̀ lé e, kí ẹ tẹ #, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì ìpè. Bí ẹ bá fẹ́ fagi lé gbogbo ìdarí, ẹ tẹ ##002#, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìpè.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Bí ẹnì kan bá pè yín tó ní òun jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì tàbí ti ilé iṣẹ́ fóònù, tó ní kí ẹ tẹ *21* àti nọ́ńbà kan, ẹ pa fóònù. Ó fẹ́ darí gbogbo ìpè yín sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ni. Bí báńkì bá pè yín, òun ni yóò gbé e.

Ìwé ọ̀rọ̀

Ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ pamọ́, ó kù kí ènìyàn ṣe é. Ibí yìí ni ìwé tí ẹ kọ́ ti wúlò jù. Ẹ ra ìwé àjákọ kan. Ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ máa kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ àti aago: Tuesday, aago 8 àárọ̀.
Ẹni tó pè: ẹni tó ń ra kòkó.
Ohun tó sọ: ọkọ̀ ń bọ̀ ní Thursday.
Ẹni tó pè é padà: akápò, aago 9.

Kí ìwé náà wà lórí tábìlì, níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè rí i. Àṣà wa ni láti ṣí ìwé sílẹ̀. Ní agbègbè Ọ̀nà-Àrà wa níhìn-ín ni Gbedun wà. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ibẹ̀ ni ìjọba kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1937. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró bí a kò bá kọ ohun tí olúkúlùkù mú wá sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Bí a ti ń kọ owó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà já sí

Ẹgbẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Akọ̀wé ń gbọ́ àpótí ohùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Akápò ń gbọ́ ọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń ra kòkó tún pè nígbà tí akọ̀wé wà lóko. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró dè wọ́n. Akápò gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì pè é padà. Ọkọ̀ dé, wọ́n sì wọn kòkó níṣojú gbogbo ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tó pe akọ̀wé lólè ló bá a gbé àpò àkọ́kọ́ sórí òṣùwọ̀n.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀ dè é, kó má baà fọ́.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni nǹkan mẹ́ta tí àrokò àti àpótí ohùn jọ ń ṣe?
2. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo mọ nọ́ńbà alábòójútó?
3. Nọ́ńbà wo ni a ń pè láti gbọ́ ọ̀rọ̀ inú àpótí ohùn fóònù ọwọ́?
4. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìkíni tí ẹ ó fi sínú àpótí ohùn ẹgbẹ́ tiyín. Kí ẹ kà á sókè fún ẹni tó jókòó tì yín.